Ohun tí ẹ̀rọ awárin sọ fún wa ní Òkè-Oyi

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe àlọ́. Ojú mi ni ó ṣe, nínú àgbàlá tiwa gan-an ní Òkè-Oyi, ìlú tí ó wà lójú ọ̀nà tí ó ti Ìlọrin lọ sí Jẹ́bà. Ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà nílé, tí wọ́n sì ní ilẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n lè tà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dẹtí sílẹ̀ dáadáa.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé bàbá tí ó bí bàbá mi ri nǹkan mọ́lẹ̀ nínú ilé wa kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ohun tí wọ́n ní ó sọ ni pé, “Ohun tí ó bọ́ gbogbo yín wà lábẹ́ ilẹ̀ níhìn-ín.” Kò sọ ohun tí í ṣe, kò sì nàka sí ibi tí ó wà. Àwọn kan nínú ẹbí ní ìkòkò tí ó kún fún ṣílè fàdákà ni. Àwọn mìíràn ní wúrà ni. Nígbà náà lọ́hùn-ún, inú ilẹ̀ ni báńkì àwọn baba wa, nítorí náà n kò lè bú ẹni tí ó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, gbà á gbọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan tí kò tíì pẹ́, ọkùnrin méjì gun mọ́tò wọlé tọ Bàbá Àgbà wá. Aṣọ wọn funfun, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn tutù. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ nípa ilé wa, pé àwọn ní ẹ̀rọ tí ń rí wúrà níbikíbi tí ó bá fara pamọ́ sí. Wọ́n ṣí àpótí kan, wọ́n sì mú nǹkan jáde tí ó dà bí èèkù ọ̀bẹ, tí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì bí eriali rédíò yọ lára rẹ̀. Wọ́n rìn yí àgbàlá ká. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, ọ̀pá méjèèjì yí, wọ́n sì gba ara wọn kọjá. Èyí àgbà nínú wọn kígbe pé, “Allāhu Akbar! Alhaji, wúrà nìyí, ní ẹsẹ̀ bàtà 20 sísàlẹ̀!”

Iṣẹ́ wíwà rẹ̀ jáde, wọ́n ní yóò gba 800,000 náírà. Bàbá Àgbà kò ní in lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ní oko kajú kan. Kí n tó gbọ́ ohunkóhun, ó ti ránṣẹ́ sí ẹni tí yóò rà á.

Ilé-ìwé ni mo wà nígbà tí ọmọ àbúrò mi kan gun ọ̀kadà wá pè mí. Mo kọ́ nípa sáyẹ́ǹsì díẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. N kò pe ara mi ní ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun tí kò ní bátìrì, tí kò ní wáyà, tí kò sì ní ohunkóhun nínú ju ike lásán lọ, kò lè gbọ́ ohùn wúrà tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo inú ẹ̀rọ náà. Wọ́n kọ̀. Mo wá gba òrùka wúrà lọ́wọ́ ìyàwó mi, mo da igbá márùn-ún dé sí ilẹ̀, mo ní kí wọ́n kọjú sí ògiri, mo sì fi òrùka náà pamọ́ sábẹ́ ọ̀kan. Mo ní, “Ó yá, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ yín sọ igbá tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ fún wa.”

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ! Wọ́n ní ẹ̀rọ àwọn kì í gbọ́ wúrà àfi èyí tí ó bá ti lo ogójì ọdún nínú ilẹ̀.

Èmi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà kò rẹ́rìn-ín rárá. Èmi ni ó bínú sí. Ó ní, “Tíṣà, ìwé tí o kà ni o fẹ́ fi lé oríire kúrò nínú ilé yìí.” Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo ní kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí ó tó gba owó oko. Àwọn ọkùnrin náà ní àwọn yóò padà wá.

Ẹ má rò pé àwọn tálákà nìkan ni irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ń tàn jẹ. Ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, James McCormick, ta irú rẹ̀ tí ó pè ní ADE 651 fún ìjọba ilẹ̀ Iraq, ó ní ó ń rí bọ́ǹbù. Ohun tí ó fi bẹ̀rẹ̀ òwò náà ni ohun ìṣeré kan tí wọ́n ń tà fún àwọn tí bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù wọn bá sọnù, tí owó rẹ̀ kò tó 20 dọ́là. Òun sì ń ta tirẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn sọ́jà Iraq ń fi í yẹ mọ́tò wò lójú títì, bọ́ǹbù sì ń kọjá níwájú wọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013 ni ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Bí gbogbo ìjọba kan bá lè ra òfìfo, ta ni yóò bú Bàbá Àgbà?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wà ní Ìlọrin tí ó ti ṣiṣẹ́ wúrà ní agbègbè Kéniéba ní ilẹ̀ Mali fún ọdún mélòó kan. Ẹ ó ti gbọ́ bí àwọn ọ̀dọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àti ti Sudan ṣe ń fi ẹ̀rọ awárin, tí wọ́n ń pè ní ditẹ́tọ̀, wá wúrà láàárín ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ní ọdún 2014, wọ́n rí wúrà ní Djado ní aṣálẹ̀ àríwá ilẹ̀ Niger, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ya lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ léjìká, títí ìjọba fi ti ibẹ̀ pa ní 2017. Ẹ̀gbọ́n mi yìí kò di olówó o. Ohun tí ó mú bọ̀ kò ju ẹ̀rọ kan àti etí tí ó mọ̀ ọ́n gbọ́ lọ. Òun ni mo lọ bẹ̀, ó sì wá ní ọjọ́ Sátidé.

Kí n tó sọ ohun tí a rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ẹ̀rọ gidi ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n, kò sí elérú tí yóò gbọ́n ju ti í lọ.

Àwo róbótó kan wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ náà, wáyà bàbà tí a wé léra-léra ni ó wà nínú rẹ̀. Bátìrì a máa rán iná sínú wáyà yìí, iná náà a sì máa yí síwá-sẹ́yìn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí ni ó ń sọ àwo náà di òòfà tí agbára rẹ̀ ń wọ inú ilẹ̀ lọ. Bí agbára náà bá kan irin, bàbà, fàdákà tàbí wúrà, iná kékeré yóò dìde nínú ohun náà fúnra rẹ̀, yóò sì dá agbára tirẹ̀ padà sókè. Ìdáhùn yìí ni ẹ̀rọ ń gbọ́, tí ó ń sọ di ohùn sí wa létí. Irú mìíràn wà, irú rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ní, tí kì í ṣe ariwo àti etí lẹ́ẹ̀kan náà: yóò kọlù ilẹ̀ bí ẹni kan ilẹ̀kùn, yóò dákẹ́, yóò wá fetí sí ohun tí yóò kù lẹ́yìn ìkànkùn náà. Irú èyí dára ní ilẹ̀ tí irin pọ̀ nínú rẹ̀.

Òkúta kì í dáhùn bí irin ti ń dáhùn, amọ̀ kì í dáhùn. Àwọn ère òkúta Èsìẹ́ tí ó wà ní Kwara wa níbí, tí wọ́n ju 800 lọ, tí wọ́n tìtorí wọn dá ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1945, bí ẹ bá ri wọ́n mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ awárin lè gun orí wọn kọjá láì sọ nǹkan kan. Àwọn orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n hú ní àgbàlá Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 ńkọ́? Ẹ̀rọ ì bá gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọkọ́ àwọn tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ni ó kàn wọ́n.

Wàyí o, bí nǹkan bá ti ń jìn sí i ni ohùn rẹ̀ ń kú. Mo kọ ìsirò rẹ̀ sórí pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Bí ohun kékeré kan bá wà ní íǹṣì 20 sísàlẹ̀, tí a bá wá rì í dé íǹṣì 40, kì í ṣe ìdajì ni ohùn rẹ̀ yóò kù. Agbára tí ń lọ bá a nísàlẹ̀ yóò di ìdá kan nínú mẹ́jọ, èyí tí ń padà bọ̀ náà yóò tún di ìdá kan nínú mẹ́jọ. Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ, 64 ni! Ìdá kan nínú 64 ni etí yóò gbọ́. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ alágbèéká tí ó dára fi lè gbọ́ ẹyọ owó kan ní bíi íǹṣì mẹ́wàá, tí ó sì lè gbọ́ ohun tí ó tó ìkòkò ní ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan, ṣùgbọ́n tí ẹni tí ó bá sọ fún yín pé òun gbọ́ wúrà ní ẹsẹ̀ bàtà 20 ń purọ́.

Ọgbọ́n ibẹ̀ kò sí nínú ẹ̀rọ bí kò ṣe nínú etí. Ẹ̀rọ kì í sọ pé “wúrà”. “Nǹkan wà” ni ó ń sọ. Àwọn ẹ̀rọ kan a máa kọ nọ́ńbà sójú gíláàsì pé irú irin báyìí ni, ṣùgbọ́n bí ohun náà bá ti jìn, nọ́ńbà yẹn kò ṣeé gbẹ́kẹ̀lé mọ́, nítorí pé ohùn ilẹ̀ ti dàpọ̀ mọ́ tirẹ̀. Fàdákà tí ó jìn lè jẹ́ orúkọ irin lásán. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ̀rọ òun má ṣe dá irin lóhùn rárá, ó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ohun tí ó ń wá kọjá.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ jìyà ọ̀rọ̀ yìí ni Alexander Graham Bell, ẹni kan náà tí ó ṣe tẹlifóònù. Ní oṣù keje ọdún 1881 ni wọ́n yìnbọn fún Garfield, ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọta sì wà nínú ara rẹ̀ tí dókítà kò rí i. Bell ṣe ẹ̀rọ kan tí yóò máa dún bí ó bá kan ọta náà. Ẹ̀rọ náà dára, ó ti dán an wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé e dé orí ààrẹ, ariwo ni ó ń gbọ́ káàkiri. Irin sípíríǹgì ni ó wà nínú ibùsùn tí ààrẹ dùbúlẹ̀ lé! Dókítà àgbà náà kò sì jẹ́ kí ó wá ọta náà àfi ní apá ọ̀tún tí òun fúnra rẹ̀ rò pé ó wà, bẹ́ẹ̀ apá òsì ni ọta náà wà. Garfield kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà ni ọ̀gágun kékeré kan ará Poland, Józef Kosacki, ṣe ẹ̀rọ tí sọ́jà kan lè fi ọwọ́ gbé, èyí tí wọ́n fi wá bọ́ǹbù inú ilẹ̀ ní El Alamein ní ilẹ̀ Íjíbítì ní 1942.

Tiwa ńkọ́? Sípíríǹgì ibùsùn tiwa ní Òkè-Oyi ni yangí. Ẹ̀yin ará Ìlọrin mọ ilẹ̀ pupa wa, irin ni ó sọ ọ́ di pupa. Bí ẹ̀gbọ́n mi ti tan ẹ̀rọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hu bí ajá tí ebi ń pa. Ó wá ibi tí ilẹ̀ mọ́, ó ń gbé àwo náà sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀, ó ń yí bọ́tìnnì kan díẹ̀díẹ̀ títí igbe náà fi rọlẹ̀. Ó ní bí mo bá kánjú fo èyí, n kò ní gbọ́ ohunkóhun tí ó jìn láéláé. Lẹ́yìn náà ni ó ń rìn bí ẹni tí ń gbálẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àwo kò ju ìwọ̀n ìka kan lọ sí ilẹ̀, gbígbá kọ̀ọ̀kan sì ń kan èyí tí ó ṣáájú rẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má béèrè. Ìṣó páànù, ìdérí ìgò, agolo sàdíìnì, abẹ́ ọkọ́ tí ó ti jẹ, àti kọ́bọ̀ kan tí wọ́n tẹ̀ ní 1973, tí àwọn ọmọdé torí rẹ̀ hó yèè. Ohun tí ó tún pọ̀ jù ni ìdàrọ́, èérí irin tí àwọn baba wa máa ń dà nù nígbà tí wọ́n bá ń yọ́ irin. Ìdàrọ́ a máa dún dáadáa, ó ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn gbẹ́ kòtò lásán. Ní ẹ̀yìn ilé ìdáná, níbi tí ọ̀pá àwọn ọ̀rẹ́ wa ti gba ara wọn kọjá, ẹ̀rọ náà kò sọ nǹkan kan. Bàbá Àgbà jókòó sórí àga rẹ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kejì, ní ìdí igi ọsàn, ẹ̀gbọ́n mi dúró. Ó ní, “Tíṣà, wá gbọ́ èyí.” Ó kì í bọ̀ mí létí. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní kí n dẹ́kun mímí. Nígbà náà ni mo gbọ́ ọ: kì í ṣe “pìn-ìn” bí ti ìṣó, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ń mí lójú oorun, ó ń wú bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ohun tí ó wà lókè a máa dún ṣókí, etí rẹ̀ a mú, ṣùgbọ́n èyí tí ó jìn a fẹ̀, ohùn rẹ̀ a tutù. Ó gba ibẹ̀ kọjá láti ìlà-oòrùn, ó tún gba ibẹ̀ kọjá láti àríwá. Ohùn náà wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà kan péré ni ó ti dún, ó ní òun kì bá tí fi ọkọ́ kàn án. Ó wá gbé àwo náà sókè tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ohun kékeré ì bá ti dákẹ́. Eléyìí kàn rẹlẹ̀ díẹ̀ ni.

A gbẹ́ ẹ. Kò tó ìgbọ̀nwọ́ kan tí a fi kan ìṣó ńlá kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin sì ju ọkọ́ sílẹ̀, ó ní àbọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà. Ó ju ìṣó náà sọ́nà jíjìn, ó tún ti àwo bọ inú kòtò. Ohùn náà ṣì wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ lágbára sí i. Bí a ti ń kó erùpẹ̀ jáde ni ó ń wò ó nínú erùpẹ̀, ó ń wò ó nínú kòtò, kí ohun kékeré má baà ti jáde láìmọ̀. Nígbà tí ó jìn tó bíi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ilẹ̀ yí àwọ̀ padà. Èédú jáde. Ìdàrọ́ tẹ̀lé e. Bàbá Àgbà dìde lórí àga.

Kí n dánu dúró díẹ̀ níhìn-ín. Mo ti sọ fún gbogbo ilé tẹ́lẹ̀ pé bí a bá rí ère tàbí ohun àwọn ará ìgbàanì, ọkọ́ yóò dúró lójú ẹsẹ̀. Láti 1979 ni òfin àjọ tí ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti wà, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láì gba ìwé àṣẹ, kí ẹni tí ó bá sì ṣèèṣì rí i lọ sọ. Wúrà inú ilẹ̀ pàápàá, ti Ìjọba Àpapọ̀ ni, òfin ọdún 2007 sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wúrà kì í sì í ṣe eré: ní Zamfara ní 2010, òjé tí ó wà nínú òkúta wúrà tí àwọn ènìyàn ń lọ̀ nílé pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé. Ohun ìní baba wa ni a ń wá ní tiwa, nínú àgbàlá wa, ṣùgbọ́n ó dára kí ènìyàn mọ ibi tí ẹsẹ̀ òun wà.

Ohun tí ọkọ́ kàn dún “gbòn-ìn”. Ọwọ́ ni a fi kó erùpẹ̀ tí ó kù. Irin ni, ó tóbi, ó dúdú, ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin méjì fi okùn fà á jáde. Orí rẹ̀ tẹ́jú, ó sì jìn wọnú ní àárín bí ibi tí omi ti ń kán sí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọdé ń wo inú kòtò bóyá ìkòkò wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀rọ wò ó, ó ní ó ti dákẹ́. Bàbá Àgbà sún mọ́ ọn, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọgọ́rin ọdún rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu orí irin náà.

Ó ní, “Owú bàbá mi nìyí.”

Owú ni irin tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń lu irin lé lórí. Bàbá Àgbà mọ̀ pé ilé arọ ti wà rí ní apá ibẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ti fa ẹwìrì níbẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọdé, kí ọkọ́ òyìnbó tó kún ọjà tí bàbá rẹ̀ fi pa iná arọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ohun tí bàbá rì mọ́lẹ̀, owó ni ọkàn gbogbo wọn ń lọ sí. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá kòtò náà, ó ń dárúkọ àwọn ènìyàn tí n kò gbọ́ orúkọ wọn rí, àwọn tí wọ́n ti wá ra ọkọ́ àti àdá níbẹ̀ láti ìletò dé ìletò. Títí àwọn ọmọ fi gbé àtùpà wá, kò tíì dìde.

Ní ọjọ́ kẹta, tẹlifóònù Bàbá Àgbà dún. Àwọn ọ̀rẹ́ wa ni. Wọ́n ní nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, àwọn ti dín owó náà kù sí 300,000 náírà. Bàbá Àgbà ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu mọ́, pé a ti rí ohun náà. Mo gbọ́ bí ọkùnrin náà ti fò sókè nínú tẹlifóònù: “Alhaji! Ẹ ti rí i? Kí ni ó jẹ́?”

Bàbá Àgbà ní, “Owú ni.”

Ó tún fẹ́ ṣàlàyé fún un, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa á. Ẹni tí ó fẹ́ ra oko kajú bínú sí wa díẹ̀, a bẹ̀ ẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn a kórè kajú níbẹ̀, a sì gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú kòtò náà.